Yàrá Tútù ní Òkè Oòrùn

"Ẹ mí sí i," Frau Hanke wí. "Kì í géni jẹ."

Gbádébọ̀ ọkọ mi tẹ̀ síwájú, ó gbé ẹnu sún mọ́ ihò idẹ kékeré tó wà lára ilẹ̀kùn, ó sì mí sínú rẹ̀. Iná aláwọ̀ ewé tàn. Èmi náà mí sínú ihò kejì, iná tèmi tàn. Ihò kẹta wà nísàlẹ̀, kò ga ju ìbàdí mi lọ, torí ọmọdé ni wọ́n ṣe dá a síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Ilẹ̀kùn náà kò sì ṣí.

"Ẹnì kẹta yín dà?" Frau Hanke bèèrè. Òun ni ejẹ́ǹtì tó ń ta ilé náà fún wa, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń rẹ́rìn-ín kí ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀. "Ọmọbìnrin yín yẹn, èyí tó ń sọ̀rọ̀ bí rédíò."

"Ó rìnrìn àjò," Gbádébọ̀ dáhùn.

Mo yíjú sí i. Èdè Jámánì ló fi sọ ọ́, tààrà, bí ẹni tí wọ́n bi pé aago mélòó ló lù. Kò wo ojú mi. Frau Hanke gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn, ó bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń pàrọwà fún ọmọ àgbà, ilẹ̀kùn náà mí kanlẹ̀, ó ṣí. Bí a ṣe ń wọlé ni agogo oòrùn ké nígboro. Àwọn tó wà lójú títì sá wọ abẹ́ òrùlé, ọlọ́jà búrẹ́dì fa aṣọ dúdú bo fèrèsé rẹ̀, gbogbo àdúgbò pa rọ́rọ́. Títí agogo kejì yóò fi dún, kò sẹ́ni tí òfin gbà láàyè láti jáde. Àwa àti Frau Hanke ti di ará ilé kan náà fún ọ̀sán yẹn, bó wù wá, bó kọ̀.

Fìyìn, ọmọ wa, kò rìnrìn àjò. Ó kú nígbà tí ooru kọ́kọ́ gorí ọdún, nínú ilé onígíláàsì tí à ń gbé ní Leipzig. Èémí rẹ̀ kì í tó o tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ náà kò délẹ̀ mọ́, kí ọkọ̀ aláìsàn sì tó rọ́nà wọlé, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Láti ìgbà náà, gbogbo ara mi dà bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tó fi kú tipiri. Mo ń jẹun, mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń dáhùn bí wọ́n bá kí mi. Mo mọ̀ pé inú mi bàjẹ́, bí mo ṣe mọ̀ pé ẹ̀dọ̀ wà nínú mi, ṣùgbọ́n mi ò rí i fọwọ́ kàn. Torí èémí ọmọ náà la ṣe ra ilé tuntun yìí. Ọmọ lọ, ilé kù.

Sonnenberg ni wọ́n ń pe àdúgbò náà, ní ìlú Chemnitz. Òkè Oòrùn ni ìtumọ̀ rẹ̀. Àwa tí à ń sá fún oòrùn la wá ń bá ara wa du ilé lórí òkè rẹ̀. Ayé kúkú mọ bí a ṣe ń fèèyàn ṣe yẹ̀yẹ́. Bí Frau Hanke ṣe sọ ọ́, láyé àwọn ìyá rẹ̀ àgbà, ilé tó ṣófo níbẹ̀ pọ̀ ju ilé tó lérò lọ, àwọn ẹyẹlé nìkan ló ń gba yàrá lọ́fẹ̀ẹ́. Ìgbà tí ooru sọ ilé gíláàsì di ààrò làwọn èèyàn rántí pé bíríkì àtijọ́ nípọn. Ni wọ́n bá ń tún wọn ṣe, wọ́n ń kùn wọ́n, wọ́n ń mú àjàrà gun ara ògiri, wọ́n ń ṣí ilé kọfí sí gbogbo ìkóríta. Ẹni tí kò bá ti ra tiẹ̀ nígbà náà, ó di kó máa wòran.

"Ẹ kú àbọ̀ o, Bàbá Fìyìn," ilé náà wí látinú àjà. "Ẹ kú àbọ̀ o, Ìyá Fìyìn. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ kú oòrùn."

Ohùn ọkùnrin àgbàlagbà ni, ohùn ará Ọ̀yọ́ tó jẹun yó. Mo mọ irú ohùn bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn: èmi àti àwọn ọmọ Yorùbá mélòó kan ni à ń jókòó sínú yàrá kan ní Leipzig láti àárọ̀ dalẹ́, à ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ kí ó lè gbọ́ èdè wa. A ti kọ́ wọn ní ìkíni, a ti kọ́ wọn ní òwe. Ibi tí wọ́n bá ti kọ́ òwe ni wọ́n ti ń ṣe bí baálé.

"Ta ló sọ fún un pé Ìyá Fìyìn ni mí?" mo bi Frau Hanke.

"Ẹ̀yin fúnra yín ni, nígbà ìrúwé. Bẹ́ẹ̀ lẹ̀ ń pe ara yín. Ilé yìí kì í gbàgbé, ìyẹn wà lára ohun tí ẹ rà." Ó rẹ́rìn-ín. Lóòótọ́, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà, mi ò pe ọkọ mi lórúkọ mọ́, Bàbá Fìyìn ni mo ń pè é. Lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, a kò mọ ohun tí à bá máa pe ara wa. Bí mo bá fẹ́ kó fún mi ní iyọ̀, mo máa ń kọ́kọ́ wúkọ́ ná.

Frau Hanke mú wa kiri. Ó fi pákó ilẹ̀ hàn wá, pákó àtijọ́ tí wọ́n fá tó ń dán. Ó fi táìlì ilé ìdáná hàn wá, ó fi páìpù tó ń fa òógùn ara ògiri sínú kòlòbó omi hàn wá. A ń mi orí. Níkẹyìn, ó ṣí ilẹ̀kùn yàrá tó kọjú sí àgbàlá, atẹ́gùn tútù sì jáde kò wá lójú.

Fìyìn ló yan yàrá yìí. Bí a ṣe ṣí i nígbà ìrúwé ló sùn gbalaja sórí pákó, ó ní kí àwa máa lọ, òun ti délé. Fúláàtì méjì-méjì ní àdúgbò náà ló ní irú rẹ̀ kan láàárín wọn, ẹni tí èémí rẹ̀ kò bá sì tó ni òfin ní kó máa sùn síbẹ̀, bóyá ọmọdé, bóyá arúgbó. Ilé ti múra sílẹ̀ dè é. Ó ti fa bẹ́ẹ̀dì kékeré kan jáde láti inú ògiri, ó ti gbé àtùpà sókè rẹ̀ níbi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó. Mo wo bẹ́ẹ̀dì náà, mo ń retí kí nǹkan ṣe mí. Nǹkan kan kò ṣe mí. Mo rí i pé wọ́n kùn ún dáadáa.

Irin méjì wà nílẹ̀ níbi ògiri tó dojú kọ ilẹ̀kùn, bí irin tí rélùwéè ń gbà.

"Ìyẹn ńkọ́?" Gbádébọ̀ bèèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

"Ògiri tó ń rìn ni. Bí ẹnì kan kò bá ní lo yàrá náà, yóò rìn wá síbí, yàrá á di ti àwọn ará ẹ̀yìn." Frau Hanke sáré fi kún un pé, "Kò kàn yín. Ẹ̀yin ní ọmọ."

Ìgbà yẹn la gbọ́ ikọ́ náà láti òdìkejì ògiri. Ó gbẹ, ó gùn, kò fẹ́ tán. Ohùn obìnrin kan tẹ̀ lé e, "Baba. Baba." Àwọn Tọ́kì náà ń pe bàbá bẹ́ẹ̀. Gbádébọ̀ gbé orí sókè bí ẹni tí wọ́n pè, ó sì tún un gbé kalẹ̀.

Kò pẹ́ tí ẹnì kan fi kan ilẹ̀kùn àárín, èyí tí àwọn ará ilé ń gbà bí oòrùn bá ti ìta pa. Obìnrin kan wọlé, irun orí rẹ̀ ti ń funfun, ó gbé búrẹ́dì ńlá kan lé àwo, ó sì da iyọ̀ sínú kọ́ọ̀bù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Selin Aksoy ni mí. Èmi àti bàbá mi là ń gbé lẹ́yìn ibí," ó wí. "Ẹni tó bá kó dé, búrẹ́dì àti iyọ̀ la fi ń kí i níbí."

"Frau Aksoy," Frau Hanke wí, ẹ̀rín rẹ̀ ti lọ, "wọn ò tíì dá ilé lóhùn. Ẹ mọ̀ pé kò yẹ kí ẹ wá."

"Búrẹ́dì ni mo gbé wá. Mi ò béèrè nǹkan kan." Ó gbé àwo náà lé mi lọ́wọ́. Ojú rẹ̀ kò kúrò lára bẹ́ẹ̀dì kékeré. "Ẹ jọ̀ọ́, bí ikọ́ wọn bá ń dí yín lọ́wọ́ oorun, ẹ má bínú. Yàrá wọn kọjú sí títì. Oòrùn ò fún wọn nísinmi. Ọmọ yín ńkọ́? Ṣé ara rẹ̀ le?"

Ọlọ́run gbọ́, èèyàn ló ń kí mi. "A dúpẹ́," mo wí. Kí ni ǹ bá tún sọ? Ó tẹríba díẹ̀, ó padà gba ibi tó bá wá.

"Ẹ̀yin ará ilé," ilé náà wí, "ó ti tó àkókò. Kí agogo kejì tó dún, kí ẹ dá mi lóhùn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó tẹ̀ lé yín ló nilé. Ẹ̀yin mélòó ni yóò máa mí níbí?"

"A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ," Gbádébọ̀ dáhùn.

Ohun tó sọ nígbà ìrúwé náà nìyẹn. Ó fi gbogbo ọ̀sán bá ilé jiyàn lọ́jọ́ náà, ó ní Ọlọ́run tó fún òun ló mọ iye, ó ní kí ilé lọ ka bíríkì ara rẹ̀. Bàbá tirẹ̀ kò ka ọmọ rí, kódà fún àwọn ìjọba tó wá ka èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà ti sú Frau Hanke. Fìyìn ló fò sókè láàárín wa, tó pariwo, "Mẹ́ta ni wá! Èmi, Dádì, Mọ́mì!" Gbádébọ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu, ṣùgbọ́n ilé ti gbọ́. Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tí ọmọ náà lọ, mo gbọ́ tí Gbádébọ̀ ń sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lórí fóònù pé kíkà yẹn ló pa á. Kò sọ ọ́ fún mi rí, èmi náà kò sì bi í. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, kò ka nǹkan kan mọ́. Bó bá ń ra ẹyin, á sọ pé kí wọ́n kàn máa kó o sínú àpò.

"Mo bọ̀wọ̀ fún àṣà yín," ilé wí. "Mẹ́ta ni mo ní lọ́wọ́. Méjì ló mí sí mi lónìí. Bí ẹnì kẹta bá rìnrìn àjò, mo lè fi yàrá rẹ̀ dè é títí ooru ọdún yìí yóò fi lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu òbí méjèèjì gbọ́dọ̀ kò lórí rẹ̀."

"Ó rìnrìn àjò," Gbádébọ̀ wí. "Ó wà lọ́dọ̀ ẹbí wa ní Ìsẹ́yìn."

"Mo gbọ́ yín. Ìyá Fìyìn ńkọ́?"

Frau Hanke ní òun ń lọ bu omi. Ó dájú pé ó ti fura. Bó ṣe jáde ni Gbádébọ̀ fà mí lọ síbi fèrèsé, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ ní Yorùbá. Nígbà kan, èdè wa ni ibi ìsápamọ́ wa nílùú yìí. Báyìí, ògiri pàápàá ti gbọ́ ọ, èmi sì wà lára àwọn tó kọ́ ọ.

"Kí o ṣáà sọ ohun tí mo sọ."

"Kí la fẹ́ fi yàrá náà ṣe?"

"Kó wà níbẹ̀."

"Kó wà níbẹ̀, kó máa ṣe kí ni?"

"Kó ṣáà wà níbẹ̀, Ìbídùnní!" Orúkọ mi dún létí mi bí orúkọ àlejò. "Títí ooru yóò fi lọ ni. Ṣé mo ní kí o purọ́ títí ayé ni?"

"Ẹ gbọ́ bí bàbá yẹn ṣe ń wúkọ́."

"Mo gbọ́ ọ. Ó ti lo ayé tirẹ̀, ó ti lo èlé lórí rẹ̀. Ọmọ mi ò lo nǹkan kan. Ṣé òun ni wọ́n máa gbé sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ mi?"

Mi ò lè bá a jiyàn. Ohun tí èmi náà ń rò nìyẹn, ojú kò sì tì mí. Mo kórìíra ikọ́ náà. Ta ni ń bẹ Ọlọ́run pé kó mú ọmọdé, kó fi arúgbó sílẹ̀? Bí wọ́n bá ní kí n fi ọwọ́ ara mi ti ògiri náà pa, bóyá ǹ bá tì í.

Ṣùgbọ́n ikọ́ náà dáwọ́ dúró lójijì. Èmi mọ irú ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò tọ́jú aláìléèémí rí á rò pé ara ti rọ aláìsàn. Ẹni tó ti tọ́jú rẹ̀ á dìde jókòó. Kí n tó mọ̀, èmi náà ti séèémí dúró. Mo gbé àwo búrẹ́dì dání, mo ń tẹ́tí sí ọkùnrin tí mi ò rí rí. Nígbà tó ṣe, ó fa èémí wọlé, ó ró gọ́ọ́rọ́, èmi náà sì mí. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀ sí i. Ó kàn hàn sí mi pé, bí mo bá sọ ohun tí Gbádébọ̀ ní kí n sọ, gbogbo ooru náà ni màá fi jókòó sẹ́yìn ògiri yìí, màá máa gbọ́ ikú Fìyìn lẹ́nu ẹlòmíràn, yàrá tútù á sì ṣófo láàárín wa.

"Ilé," mo wí.

"Mo ń gbọ́ yín, Ìyá Fìyìn."

"Fìyìn ò sí ní Ìsẹ́yìn. Fìyìn ti kú."

"Hà!" Gbádébọ̀ wí. A kì í sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo àwọn tó wá kí wa, Ọlọ́run gbà á ni wọ́n sọ, ó ti lọ sinmi ni wọ́n sọ. Èmi gan-an kò tíì pe ọ̀rọ̀ náà rí. Ó kúrú ju bí mo ṣe rò lọ.

Ilé fi ohùn baálé rẹ̀ wí pé, "Ẹ kú àmúmọ́ra. Omi ló dànù, agbè ò fọ́."

Ẹnì kan ló kọ́ ọ nìyẹn, bóyá ẹni tó ń jókòó sórí àga tó tẹ̀ lé tèmi. Gbogbo ẹni tó wá kí wa ló sọ ọ́, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ògiri náà.

"Ẹ̀yin mélòó ni, Ìyá Fìyìn?"

"Méjì ni wá."

"Mo gbọ́. Bàbá Fìyìn ńkọ́? Ẹnu yín gbọ́dọ̀ kò."

Gbádébọ̀ ti jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti bẹ́ẹ̀dì kékeré. Frau Hanke padà dé pẹ̀lú omi, ó wo èmi, ó wo òun, ó gbé omi náà sílẹ̀ lórí pákó. Ọ̀rọ̀ ti yé e. Ó ń pọ́n ètè lá. "Herr Gbádébọ̀," ó wí, "agogo kù díẹ̀ kó dún. Bí ẹ ò bá sọ nǹkan kan, ẹ ò ní ilé mọ́, ilé gíláàsì lẹ̀ ń padà sí. Ẹ jọ̀ọ́." Mo rò pé ó bẹ̀bẹ̀ tọkàntọkàn. Gbádébọ̀ ń wo ọwọ́ ara rẹ̀, ọwọ́ tó fi bo ọmọ náà lẹ́nu.

"Bàbá Fìyìn," mo wí. Mi ò pè é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. "Kì í ṣe kíkà ló pa á. Ooru ni. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

Ikọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ògiri, ó sì tún dákẹ́. "Baba?" Selin wí. Kò sí èsì. "Baba!" Ohùn rẹ̀ ti ga. "Baba! Baba!"

Gbádébọ̀ dìde. Òun náà mọ ìdákẹ́jẹ́ yẹn, òun ló gbé ọmọ lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ó ranjú mọ́ ògiri. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ó pariwo rẹ̀ ni, bí ẹni ń pe ẹni tó wà lókè odò:

"Méjì! Méjì ni wá! Ẹ ṣí i fún wọn!"

"Ẹnu yín kò," ilé wí. "Kí ni kí n máa pè yín báyìí?"

"Ohun tí o ń pè wá tẹ́lẹ̀ ni," mo dá a lóhùn. "Ìyẹn ò yí padà."

Bẹ́ẹ̀dì kékeré ká ara rẹ̀ padà sínú ògiri. Irin ilẹ̀ kígbe, ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ lọ́dọ̀ wa, díẹ̀díẹ̀, bí arúgbó tó ń sọdá títì. A ń fi ẹ̀yìn rìn, àwa àti Frau Hanke, títí a fi bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Níkẹyìn, ó dúró sójú ilẹ̀kùn, yàrá kò sí mọ́. A gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa nǹkan wúwo lórí pákó ní òdìkejì, a gbọ́ Selin tó ń sọ̀rọ̀ kíákíá lédè rẹ̀. Lẹ́yìn tí ó pẹ́ díẹ̀, a gbọ́ ikọ́, ikọ́ kékeré, àti ohùn ọkùnrin arúgbó kan tó ń ráhùn.

Agogo kejì dún. Frau Hanke gbé kọ́kọ́rọ́ lé orí fèrèsé, ó dì mọ́ mi láìsọ̀rọ̀, ó lọ.

Gbádébọ̀ gbé iwájú orí lé ara ògiri tuntun náà. Ó tún un sọ, jẹ́jẹ́ báyìí, fún ara rẹ̀, "Méjì ni wá." Ẹkún wá já lẹ́nu rẹ̀, ẹkún ńlá tí mi ò gbọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, lọ́jọ́ tí ọmọ lọ pàápàá kò sun irú rẹ̀. Mo jókòó tì í lórí pákó. Mo gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, mo ń gbọ́ bí ó ṣe ń gbọ̀n, mo sì ń dúró de ẹkún tèmi. Kò tíì dé.